Ìwé Ìrìnnà fún Aṣọ: Ta Ni Yóò Kọ Ọ́?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. Kí àlejò tó la ẹnu sọ̀rọ̀ ni a ti wo aṣọ ọrùn rẹ̀, tí a sì ti mọ irú ìkíni tí ó yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí a ti ń kí aṣọ lójoojúmọ́ tó, aṣọ kì í dáhùn. Kò lè sọ fún wa ẹni tí ó gbin òwú rẹ̀, ẹni tí ó hun ún, irú aró tí a fi pa á, tàbí iye tí a san fún ẹni tí ó jókòó sí ìdí ẹ̀rọ láti rán an. Láìpẹ́ yìí ni àwọn aṣòfin ilẹ̀ Yúróòpù pinnu pé aṣọ gbọ́dọ̀ máa dáhùn. Wọ́n ní kí a fún un ní ìwé tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí arìnrìn-àjò ti ń mú ìwé ìrìnnà dání. Ọ̀rọ̀ ìwé náà ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, nítorí pé ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti wá ni òwú àti aṣọ ti ń jáde, àti nítorí pé ẹni tí yóò di olùkọ́ lọ́la ni àwọn ọmọ yóò bi léèrè.

Ohun tí ọrùn ẹ̀wù ń sọ

Kí a tó lọ jìnnà, mo bẹ̀ yín kí ẹ ṣe ohun kékeré kan. Ẹ yí ọrùn ẹ̀wù yín síta, kí ẹ ka lébẹ́ẹ̀lì tí a rán mọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù kan ní Rosettenville níhìn-ín ni ẹ ti rà á, tàbí ní ibòmíràn ní ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà, ó yẹ kí ẹ rí orúkọ ilẹ̀ tí a ti ṣe é. Kì í ṣe inú rere oníṣòwò ni ó fi orúkọ náà síbẹ̀. Òfin Ìdáàbòbò Oníbàárà ti ilẹ̀ yìí, òfin nọ́ḿbà 68 ti ọdún 2008, pẹ̀lú ìlànà rẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2011, ni ó pa á láṣẹ fún ẹni tí ń ta aṣọ, bàtà àti ohun èlò aláwọ. Bí a bá rán ẹ̀wù ní ilẹ̀ yìí láti inú aṣọ tí a kó wá láti òkè òkun, lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Èyí dára, ṣùgbọ́n kò tó. Ibi tí a ti ṣe ẹ̀wù kì í ṣe ibi kan ṣoṣo. Ó lè jẹ́ pé oko kan ní Bénin ni òwú rẹ̀ ti hù, pé Íńdíà ni a ti ran án, pé Ṣáínà ni a ti hun ún tí a sì ti pa á láró, kí ó tó di pé a rán an ní Lesotho. Lesotho nìkan ni lébẹ́ẹ̀lì yóò dárúkọ. Àwọn ilẹ̀ mẹ́ta yòókù ti sọnù, àti gbogbo ọwọ́ tí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìwé tuntun tí à ń sọ yìí fẹ́ pe gbogbo wọn padà wá sí gbangba.

Orúkọ kan tí kò dùn létí

N kò lè kọjá lórí orúkọ ìwé náà láìdúró díẹ̀, nítorí ibi tí a wà. Ní ìlú Johannesburg yìí, a kò lè sọ pé kí ohun kan máa mú ìwé ìrìnnà dání kí ọkàn àwọn àgbà má fò. Òfin ọdún 1952 kó gbogbo ìwé ìrìn tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ pọ̀ sínú ìwé kan ṣoṣo, ó sì fi dandan mú àwọn ènìyàn dúdú tí ó ti pé ọmọ ọdún 16 láti máa gbé e kiri. Bí ọlọ́pàá bá béèrè rẹ̀ tí kò sí lọ́wọ́, ẹ̀wọ̀n ni. Nítorí ìwé yìí ni àwọn ènìyàn ṣe péjọ ní Sharpeville, ní ẹ̀bá Vereeniging, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta ọdún 1960, tí ọlọ́pàá sì yìnbọn pa ènìyàn 69. Ọdún 1986 ni a tó fagi lé òfin náà.

Rosettenville fúnra rẹ̀ mọ ìwà àwọn òfin ayé ìgbà náà. Níhìn-ín ni ilé ẹ̀kọ́ St Peter's wà, tí Oliver Tambo ti kọ́ni ní ìṣirò ní àwọn ọdún 1940. Nígbà tí òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1953 dé, tí ó fẹ́ kí a máa kọ́ ọmọ ènìyàn dúdú ní ẹ̀kọ́ tí kò ní jẹ́ kí ó ga, àwọn tí ó ni ilé ẹ̀kọ́ náà kọ̀ láti bá a lọ. Wọ́n pa á tì ní ọdún 1956.

Ìdí tí mo fi rán yín létí èyí ni pé ó kọ́ wa ní ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi ìwé èyíkéyìí: ta ni ó kọ ọ́, ta ni ó ń kà á, ta ni ó sì ń jèrè rẹ̀? Ìwé ìrìn àtijọ́, ẹni tí ń gbé e kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú kíkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò jèrè kan lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ìbéèrè mẹ́ta yìí sọ́kàn bí a ti ń lọ.

Bí ìwé náà ti rí

Ní ọdún 2024, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tí ilẹ̀ 27 para pọ̀ jẹ́, ṣe òfin kan tí nọ́ḿbà rẹ̀ ń jẹ́ 2024/1781. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í múlẹ̀ ní ọjọ́ 18 oṣù keje ọdún náà. Ète rẹ̀ ni pé kí ọjà tí a ń tà ní ilẹ̀ wọn máa pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó rà á, kí ó ṣe é tún ṣe bí ó bá bàjẹ́, kí ó má sì di pàǹtírí kíákíá. Nínú òfin yìí ni ìwé ìrìnnà ọjà ti jáde. Ìwé náà kì í ṣe bébà. Àkọsílẹ̀ ni, tí a fi pa mọ́ sínú kọ̀ǹpútà, tí a sì fi àmì kékeré kan so mọ́ ọjà. Àmì náà lè jẹ́ èyí onígun mẹ́rin tí ó ní tóótòòtó dúdú àti funfun, tí gbogbo wa ti mọ̀ sí QR. Bí ènìyàn bá gbé fóònù rẹ̀ sí i, àkọsílẹ̀ náà yóò ṣí.

Òfin náà kò mú gbogbo ọjà lọ́jọ́ kan náà. Fún oríṣi ọjà kọ̀ọ̀kan ni a ó ṣe ìlànà tirẹ̀, tí yóò sọ ohun tí ó yẹ kí a kọ. Nínú ètò iṣẹ́ tí Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Yúróòpù gbé jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2025, aṣọ wà lára àwọn tí a kọ́kọ́ dárúkọ, pẹ̀lú irin, táyà, àga àti ibùsùn. Òfin mìíràn tí a ṣe ní ọdún 2023 ti ṣáájú nípa ti bátìrì ńlá tí ń gbé ọkọ̀ rìn, ó sì fi ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 2027 ṣe ọjọ́ tí irú bátìrì bẹ́ẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìwé ìrìnnà.

Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ọjà tí a ṣe ní Yúróòpù nìkan ni òfin yìí kàn. Ọjà yòówù tí a bá fẹ́ tà níbẹ̀, ibi yòówù kí ó ti wá, abẹ́ rẹ̀ ni yóò wà. Nítorí náà ni ó fi kan àgbẹ̀ Bénin, ahunṣọ Ìṣẹ́yìn àti aránṣọ Lesotho, bí wọn kò tilẹ̀ dìbò yan ẹnikẹ́ni lára àwọn tí ó ṣe é.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé ẹ̀wù kan. Àgbẹ̀ kan ní agbègbè Banikoara, ní àríwá Bénin, ká òwú rẹ̀. A gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ tí ń ya kóró kúrò lára òwú, níbẹ̀ ni a sì ti dì í ní ẹrù ńlá ńlá tí a fi nọ́ḿbà sí lára. Aranwú ra ẹrù náà, ó kọ nọ́ḿbà rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fún okùn òwú tí ó ran ní nọ́ḿbà tuntun. Ahunṣọ kọ nọ́ḿbà okùn náà sílẹ̀, ó fún aṣọ tí ó hun ní tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni aláró ṣe, ó sì fi orúkọ èròjà aró rẹ̀ kún un. Bẹ́ẹ̀ ni aránṣọ ṣe. Nígbà tí ẹ̀wù bá dé orí igi ìfàṣọkọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, nọ́ḿbà kan ṣoṣo ni ó wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fà á yóò rí i pé ẹ̀wọ̀n ni, tí orúka kan so mọ́ èkejì títí dé oko. A lè fi bí ó ti yẹ kí a fọ̀ ọ́ kún un, àti ibi tí a lè gbé e lọ nígbà tí ó bá gbó. Òfin náà gbà pé kì í ṣe gbogbo ojú ni yóò rí ohun gbogbo: oníbàárà ní ìpín tirẹ̀, aṣọ́bodè ní tirẹ̀, kí àṣírí iṣẹ́ má baà tú sí ọwọ́ ẹni tí kò yẹ.

Ìdí tí a fi ń béèrè

Ẹnì kan lè sọ pé, kí ni a ń wá nínú gbogbo làálàá yìí? Bí aṣọ bá dára tí owó rẹ̀ sì tọ́, kí ni ó kù? Ohun méjì tí ó ṣẹlẹ̀ ni yóò dá a lóhùn, ọ̀kan ní ilẹ̀ jíjìn, èkejì ní ilẹ̀ yìí.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 2013, ilé alájà mẹ́jọ kan tí à ń pè ní Rana Plaza wó ní Savar, lẹ́bàá Dhaka, ní ilẹ̀ Bangladesh. Inú rẹ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ aránṣọ bíi mélòó kan wà. Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú ni ògiri rẹ̀ ti sán, síbẹ̀ a ní kí àwọn òṣìṣẹ́ wọlé. Ènìyàn 1,134 ni ó kú. Lẹ́yìn náà, àwọn tí ń jà fún ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ ní láti máa wá lébẹ́ẹ̀lì àti bébà kiri nínú àwókù ilé náà, kí wọ́n tó lè mọ àwọn oníṣòwò Yúróòpù àti Amẹ́ríkà tí a ń bá ránṣọ níbẹ̀. Àwọn mìíràn lára àwọn oníṣòwò náà kò tilẹ̀ mọ̀ pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ àwọn dé. Ẹ rò ó wò: òkú ń bẹ nílẹ̀, a kò sì mọ ẹni tí ó bẹ àwọn olóògbé níṣẹ́. Bí ẹ̀wọ̀n nọ́ḿbà ti wà nígbà náà, ìbéèrè ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ì bá di ti wákàtí kan.

Èkejì ni ti mohair, irun dídán ewúrẹ́ Angora tí a ń sìn ní agbègbè Karoo. Gúúsù Áfíríkà ni ó ń pèsè nǹkan bí ìdajì mohair gbogbo ayé. Ní ọdún 2018, ẹgbẹ́ PETA, tí ń jà fún àwọn ẹranko, gbé àwòrán jáde tí ó fi hàn bí a ti ń fi ìwà ìkà rẹ́ irun àwọn ewúrẹ́ ní àwọn oko kan. Kò pẹ́ tí H&M, Zara àti àwọn ilé ìtajà ńlá mìíràn fi kéde pé àwọn kò ní ta mohair mọ́. Wọn kò sọ pé oko báyìí ni àwọn kò ní ra tirẹ̀ mọ́, nítorí pé wọn kò mọ oko tí irun ti wá. Nígbà tí irun bá ti dàpọ̀ nínú àpò, ti àgbẹ̀ aláàánú àti ti ìkà a di ọ̀kan náà. Báyìí ni ẹni tí kò ṣẹ̀ ṣe jìyà pẹ̀lú ẹni tí ó ṣẹ̀. Ní ọdún 2020 ni àjọ Textile Exchange gbé ìlànà kan jáde fún mohair, tí a fi ń yẹ oko wò, tí a sì fi ń tẹ̀lé irun láti oko títí dé ilé ìtajà. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìwé tí ó dára kì í ṣe ọ̀tá olóòótọ́. Ìwé náà ni ó ń yọ ọ́ kúrò láàrin àwọn aṣebi.

Kí kọ̀ǹpútà tó dé

A kò gbọdọ̀ rò pé Yúróòpù ni ó kọ́kọ́ bi aṣọ léèrè ibi tí ó ti wá. Ẹ̀yin tí ẹ ti Lesotho àti Eastern Cape wá mọ shweshwe, aṣọ aláró tí àwọn ìyá ń wọ̀ níbi ìgbéyàwó. A ní ara orúkọ Ọba Moshoeshoe Kìíní ti àwọn Basotho ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Láti Yúróòpù ni a ti ń kó o wá tẹ́lẹ̀, títí ilé iṣẹ́ Da Gama fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ ní Zwelitsha ní ọdún 1982. Ìyá tí ó bá fẹ́ mọ ojúlówó kò nílò fóònù. Yóò yí ẹ̀yìn aṣọ wò láti rí òǹtẹ̀ ológbò mẹ́ta. Yóò fi ọwọ́ pa á bóyá ó le bí aṣọ tí a fi sítáàṣì sí. Yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò sì tilẹ̀ fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Ojú, ọwọ́, imú àti ahọ́n ni ìwé ìrìnnà tirẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, orúkọ ọnà ni ó máa ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá rí àdìrẹ tí a ń pè ní Ìbàdàndùn yóò rí àwòrán òpó Gbọ̀ngàn Màpó, tí a ṣí ní ọdún 1929, yóò sì mọ ìlú tí ọnà náà ń kí. Ẹni tí ó bá mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ yóò mọ ibi tí a fi ìyẹ́ adìẹ fa ẹ̀kọ láfún sí, yàtọ̀ sí oníko tí a fi okùn ọ̀gọ̀rọ̀ dì kí a tó rì í sínú aró. Ahunṣọ mọ sányán, àlàárì àti ẹtù láìwo lébẹ́ẹ̀lì. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, oníbàárà mọ aláró fúnra rẹ̀. Bí aró bá ṣí, ó mọ ilé tí yóò lọ.

Ṣùgbọ́n nígbà tí aṣọ bá rìn jìnnà, ilé aláró a di àwátì. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta nìyẹn. Ní àwọn ọdún 1920, òwò àdìrẹ gbilẹ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn oníṣòwò fi ń ti Gold Coast àti Sẹ̀nẹ̀gà wá rà á. Nígbà tí iṣẹ́ pọ̀, àwọn obìnrin aláró bẹ̀rẹ̀ sí í lo aró tí a ṣe ní ilé iṣẹ́ òyìnbó, àti sódà líle tí ń jẹ́ caustic soda, dípò èlú àti omi eérú tí ń gba ọjọ́ púpọ̀. Ọ̀dá owó tí ó bo gbogbo ayé ní ìparí àwọn ọdún náà dé bá wọn. Ọjà kò tà mọ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá, ẹ̀sùn sì ń wá pé aró ń ṣí, pé aṣọ ń ya. Aláké, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, fi òfin de sódà àti aró òyìnbó. Àwọn aláró kò gbà. Wọ́n dìde, wọ́n fi ẹjọ́ sùn, títí ìjọba fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní ọdún 1936.

Ẹ wò ó bí ó ti jọ ti mohair tó. Kò sí ohun tí ó fi aró tí a pa dáadáa hàn yàtọ̀ sí èyí tí a kánjú pa, nítorí náà ni a fi òfin kan ṣoṣo de gbogbo aláró. Ẹni tí ń ra aṣọ ní Sẹ̀nẹ̀gà ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí ó ń rà. Aláró náà ní ẹ̀tọ́ kí a gbọ́ tẹnu rẹ̀ kí a tó ṣòfin lórí ìkòkò rẹ̀. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí.

Ibi tí ìwé tuntun lè kù sí

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí a mọ̀ nípa àìlera ìwé yìí. Èkíní, kọ̀ǹpútà kò mọ irọ́ yàtọ̀ sí òtítọ́. Ohun tí a bá fún un ni yóò tọ́jú, ohun náà ni yóò sì gbé fún wa. Bí ọ̀gá ilé iṣẹ́ bá kọ pé òun san owó tí ó tọ́, àmì onígun mẹ́rin yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ayé. Nítorí náà kò sí ohun tí ó lè rọ́pò ẹni tí yóò lọ síbẹ̀ fi ojú ara rẹ̀ wò, tí yóò sì bi òṣìṣẹ́ léèrè níbi tí ọ̀gá kò ti gbọ́. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tilẹ̀ lè yẹ fọ́nrán òwú wò, láti mọ̀ bóyá ó bá ilẹ̀ àti omi ibi tí a ní ó ti hù mu. Ẹlẹ́rìí ni èyí jẹ́, kò rọ́pò òótọ́ inú.

Èkejì, òwú a máa dàpọ̀. Ní ilé iṣẹ́ tí a ti ń ya kóró, òwú ọgọ́rọ̀ọ̀rún àgbẹ̀ ni a ń dà sínú ẹ̀rọ kan náà. Bí a kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí nọ́ḿbà tí ó lè yà wọ́n mọ́ lẹ́yìn náà. Owó àti ààyè sì ni ìyàsọ́tọ̀ ń gbà.

Ẹ̀kẹta, èyí tí ó dùn mí jù, ni pé ẹrù ìwé kì í wúwo bákan náà lórí gbogbo ejìká. Ilé iṣẹ́ ńlá ní akọ̀wé, ó ní kọ̀ǹpútà, ó ní agbẹjọ́rò. Ìyá aláró ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, ní ìkòkò rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó lè sọ fún yín bí ó ti pa aṣọ rẹ̀ láró, láìfi ohunkóhun pamọ́. Ṣùgbọ́n ọjà ni ó ti ra aṣọ funfun tí ó pa láró. Bí a bá bi í léèrè ilẹ̀ tí òwú rẹ̀ ti hù, kí ni yóò sọ? Ẹni tí ó tà á fún un kò sọ fún un, a kò sì sọ fún ẹni náà. Bákan náà ni aránṣọ tí ó ní ẹ̀rọ kan ní Rosettenville níhìn-ín, tí ń lọ ra ankara ní Oriental Plaza ní Fordsburg láti fi rán bùbá àti ìró. Bí ó bá ń rán an fún ará àdúgbò rẹ̀, òfin Yúróòpù kò kàn án. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí oníbàárà kan bá pè é láti Párís tàbí Berlin pé kí ó fi ogún ẹ̀wù ránṣẹ́ fún títà, ó lè jẹ́ pé ìwé tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò dí i lọ́nà, kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ìkà gbáà ni yóò sì jẹ́, nítorí pé àwọn gan-an ni ìwé yìí lè ràn lọ́wọ́ jù. Lónìí, aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ ọnà àdìrẹ sí lára ní ilẹ̀ òkèèrè ń bẹ ní ọjà kan náà pẹ̀lú àdìrẹ tí a fi ọwọ́ ṣe, owó rẹ̀ sì kéré. Ẹni tí kò mọ aṣọ kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Bí àdìrẹ tòótọ́ bá ní ìwé tí ó sọ pé ọwọ́ lámọ̀rín ni ó ti jáde, ní ìlú báyìí, nínú aró báyìí, ìyá aláró yóò tún rí ohun tí ó ní nígbà tí oníbàárà mọ ilé rẹ̀. Nítorí náà ni mo fi sọ pé a kò gbọdọ̀ kọ ìwé náà. Ohun tí ó yẹ ni pé kí a béèrè pé kí a fi kálámù sí ọwọ́ ẹni tí ó ṣe aṣọ pẹ̀lú: kí ẹni tí ń ta aṣọ funfun àti okùn òwú kọ́kọ́ sọ tirẹ̀ fún ẹni tí ó ń rà á, kí ìlànà fún oníṣẹ́ ọwọ́ rọrùn ju ti ilé iṣẹ́ ńlá lọ, kí ẹni tí ń béèrè ìwé sì bá wọn gbé nínú owó tí yóò ná wọn.

Iṣẹ́ fún kíláàsì

Àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ lè bẹ̀rẹ̀ láìdúró de ìjọba kankan. Ẹ mú ẹ̀wù kan lọ sí kíláàsì. Ẹ fa ìlà sí ojú pátákó, kí ó di ọ̀nà mẹ́ta. Ní ọ̀nà kìíní, kí àwọn ọmọ kọ ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ẹ̀wù náà. Ní ọ̀nà kejì, kí wọ́n kọ ẹni tí ó sọ ọ́ fún wọn, ìbáà ṣe lébẹ́ẹ̀lì, ìyá wọn, tàbí ojú ara wọn. Ní ọ̀nà kẹta, kí wọ́n kọ ohun tí wọn kò mọ̀. Ọ̀nà kẹta ni yóò gùn jù, kí ẹ má sì jẹ́ kí ojú tì wọ́n nítorí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ rán wọn lọ sí ọ̀dọ̀ aránṣọ tàbí aláró tí ó bá sún mọ́ ilé ẹ̀kọ́, kí wọ́n kí i dáadáa, kí wọ́n sì bi í léèrè. Kí wọ́n ra ìwé àkọsílẹ̀ kan fún un bí kò bá ní, kí wọ́n sì fi bí a ti ń kọ ọjọ́, irú aṣọ, ẹni tí ó tà á, àti aró tí a lò hàn án. Ìwé àkọsílẹ̀ olówó pọ́ọ́kú bẹ́ẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ ìwé ìrìnnà. Kọ̀ǹpútà lè wá lẹ́yìn; bí kò bá sí àkọsílẹ̀, kò ní ohun tí yóò gbé fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ìbéèrè mẹ́ta tí a gbé dání láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwé ìrìn tí a fi dè àwọn ènìyàn ní ìlú yìí, alágbára ni ó kọ ọ́, ọlọ́pàá ni ó ń kà á, ẹni tí ń gbé e ni ó sì ń jìyà rẹ̀. Bí ìwé aṣọ bá rí bẹ́ẹ̀, tí ọlọ́jà ńlá ń kọ ọ́, tí aṣọ́bodè ń kà á, tí aláró àti àgbẹ̀ ń jìyà rẹ̀, orúkọ nìkan ni a pààrọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó gbin òwú, ẹni tí ó hun ún, ẹni tí ó pa á láró àti ẹni tí ó rán an bá bá wọn kọ ọ́, tí àwọn náà sì lè kà á kí wọ́n mọ iye tí a ta iṣẹ́ ọwọ́ wọn, ìwé náà yóò ṣe ohun tí kò sí ìwé ìrìn kan tí ó ṣe é rí ní Johannesburg. Nígbà náà, bí a bá kí aṣọ, aṣọ yóò dáhùn, orúkọ ènìyàn ni yóò sì fi dáhùn.